Nọ́ọ̀kì tí kì í ṣe nọ́ọ̀kì

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ọyẹ́ ṣì mú lọ́jọ́ náà, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 ni, a fẹ́ gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé ní Bódìjà. Mo sítáàtì mọ́tò, òun jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó dẹtí sílẹ̀ díẹ̀. "Dádì, kí ló ń dún nínú mọ́tò yìí bí ìgbà tí wọ́n da ìṣó sínú agolo mílíìkì?" Mo ní kò sí nǹkan kan, òtútù ni. Mo yí rédíò sókè. Ẹ fi rédíò yẹn sọ́kàn o, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń bọ̀.

Corolla 2005 ni mọ́tò náà. Mo rà á ní 2015, nígbà tí ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ṣì ń ti Kùtọnu wọlé. Ẹ́ńjìnì 1.8 tí àwọn tó ń ta ẹ́ńjìnì ní Àràròmí, lọ́nà Gate ní Ìbàdàn, ń pè ní 1ZZ ló wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe mọ́tò ńlá, kì í ṣe mọ́tò olówó, ṣùgbọ́n kò já mi sílẹ̀ rí.

Ariwo náà ní ìwà tirẹ̀. Bí mo bá dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Sángo, á máa ṣe kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́. Bí mo bá tẹ iná, ìyẹn ibi tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí mọ́tò sáré, á dákẹ́, bí ọmọ tó ń pariwo lẹ́yìn tíṣà tí tíṣà wá yíjú padà lójijì. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń gbé e kiri bẹ́ẹ̀ kí n tó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tí mò ń lò nígbà náà.

Ìyẹn ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tẹ iná lẹ́ẹ̀mejì, vúù, vúù, ó mirí. "Ọ̀gá mi, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kì, inú rẹ̀ ti jẹ. Ẹ jẹ́ ká wá òmíràn." Ẹgbẹ̀rún lọ́nà 280 náírà ni tòkunbọ̀ ẹ́ńjìnì tó ní òun mọ ibi tó wà, wọ́kìmánṣíìpù kò sí nínú ẹ̀. Gbogbo ìwádìí tó ṣe kò tó ìṣẹ́jú kan.

Mi ò bá a jiyàn. Bí dókítà bá ní kíndìnrín ló ń ṣeni, ta ni yóò sọ pé irọ́ ni? Mo gba ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ wa lọ láti yá owó. Akápò ẹgbẹ́ náà ló gbà mí là. Obìnrin tí kì í fi owó ẹgbẹ́ ṣeré ni. Ó wo fọ́ọ̀mù mi, ó bi mí pé mẹkáníìkì mélòó ló ti wò ó. Mo ní ẹyọ kan. Ó da fọ́ọ̀mù padà fún mi, ó ní kí n kọ́kọ́ lọ bá Alájì kan tó ń tún mọ́tò ọkọ òun ṣe ní Sángo.

Alájì ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún nígbà náà. Peugeot 504 ló fi kọ́ṣẹ́, láyé ìgbà tí èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975 gba ìgboro kan. Nígbà tí mo débẹ̀, kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Orí bẹ́ǹṣì ló jókòó sí, ó ń jẹ èkùrọ́, ó ń bi mí ní ìbéèrè.

"Ìgbà wo ló ń dún?"

"Àràárọ̀, Alájì. Tó bá gbóná náà, ó ń dún, ṣùgbọ́n tàárọ̀ le jù."

"Lórí ìdúró ni, àbí lórí ìrìn?"

"Ìdúró ni. Tí mo bá tẹ iná, á lọ."

"Tó o bá tan AC ńkọ́?"

Mi ò kíyè sí ìyẹn. Ó ní kí n lọ tàn án. Bí AC ṣe gbé e, ariwo náà rẹlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Alájì tu èèpo èkùrọ́ dànù, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ́ńjìnì tó nọ́ọ̀kì lóòótọ́, tó o bá gbé ẹrù lé e, igbe rẹ̀ á pọ̀ sí i ni. Kì í dákẹ́ nítorí ẹrù.

Títí di òní, ohun tó wú mi lórí jù nípa ọjọ́ yẹn ni pé kò bi mí rárá pé báwo ló ṣe ń dún. Mo ti múra sílẹ̀ láti sín in jẹ fún un, kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́, bí mo ṣe sín in jẹ fún ẹni àkọ́kọ́. Ìgbà tó ń dún àti ìgbà tó ń dákẹ́ ló ń wá.

Ó ké sí ọmọṣẹ́ rẹ̀ pé kó mú sípánà 19 wá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì yẹn, bẹ́líìtì gígùn kan ṣoṣo ló ń yí gbogbo nǹkan: alternator, wọ́tà pọ́ǹpù, sítíárìn àti kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ AC. Tẹ́ńṣánà ni wọ́n ń pe ohun tó ń fà á kó lè le. Ọmọ náà fi sípánà kọ́ tẹ́ńṣánà, ó fà á, bẹ́líìtì dẹ̀, ó sì bọ́ kúrò lórí púlì bí okùn tó tú lọ́rùn ewúrẹ́. Alájì ní kí n sítáàtì.

Mo sítáàtì. Mo tún yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ọmọ náà bá pariwo mọ́ mi, nítorí ẹ́ńjìnì ti ń ṣiṣẹ́ láti ẹ̀ẹ̀kan. Mo rò pé kò tíì gbé e ni. Ó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Iná bátìrì pọ́n fòò níwájú mi, sítíárìn le gbagidi, ṣùgbọ́n kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́ ti di àwátì. "Pa á," ni Alájì wí, kò sì jẹ́ kó pé ìṣẹ́jú kan, torí pé wọ́tà pọ́ǹpù kò yí mọ́, omi kò sì lọ káàkiri ara ẹ́ńjìnì. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ dán èyí wò nílé, ẹ má gbàgbé ibẹ̀ yẹn.

Lẹ́yìn náà ló wá fi tẹ́ńṣánà hàn mí. Ti Corolla yìí ní ohun kékeré kan nínú, bíi ṣọ́ọ̀kì, tí ọ́ìlì wà nínú ẹ̀, tí kì í jẹ́ kí apá tẹ́ńṣánà máa gbọ̀n. Tèmi ti jò. Eruku ti lẹ̀ mọ́ ibi tó ti jò bí ẹ̀kọ tó gbẹ mọ́ ìdí ìkòkò. Ó fi ìka méjì mi apá náà, ó ń ṣe gbọ̀jẹ̀gbọ̀jẹ̀. Ní ìdúró, tí ẹ́ńjìnì ń yí jẹ́jẹ́, apá náà á máa lu ìdí ara rẹ̀. Òun ni ẹgbẹ̀rún lọ́nà 280.

Àràròmí ni mo ti ra òmíràn, 15,000. Alájì ti kọ́ mi pé kí n fọwọ́ tẹ ohun bíi ṣọ́ọ̀kì yẹn kí n tó sanwó: kó máa wọlé díẹ̀díẹ̀, kó má wọlé gbàrà. Mo da ẹ̀yà mẹ́ta padà fún ọlọ́jà kó tó mú èyí tó dáa jáde. Ó bú mi díẹ̀. Mo san 3,000 fún Alájì, mo ra àsun dání lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lọ jókòó ti Alájì ní Sátidé. Ìyàwó mi ní mo ti di ọmọṣẹ́. Kò jìnnà sí òótọ́, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ò ju pé mi ò ra ohun mímu fún ẹnikẹ́ni gẹ́gẹ́ bí owó ìwọlé.

Alájì ní ẹ́ńjìnì ní òkè, ó ní ìsàlẹ̀, ohùn wọn ò sì jọra. Lókè ni camshaft àti tápẹ́ẹ̀tì wà, àwọn tó ń ṣí ibi tí afẹ́fẹ́ àti èéfín ń gbà; nísàlẹ̀ ni crankshaft, irin tó ń yí, àti àwọn kọnẹ́kítín ròòdù tó so písítìn mọ́ ọn. Ìgbà tí ti ìsàlẹ̀ bá yí lẹ́ẹ̀mejì ni ti òkè tó ń yí lẹ́ẹ̀kan. Tí mọ́tò bá dúró tí ẹ́ńjìnì ń yí ní nǹkan bí 700 ní ìṣẹ́jú kan, tápẹ́ẹ̀tì kan tó bá dẹ̀ á máa kan bí ìgbà mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn rẹ̀ á sì fẹ́lẹ́, á dá bíi gúdúgúdú. Ariwo ìsàlẹ̀ kò fẹ́lẹ́. Odó iyán ni. Gbì, gbì, gbì. Ẹ ó máa gbọ́ ọ lẹ́sẹ̀ yín kó tó dé etí yín.

Láti mọ ibi tí ariwo wà, ó ní sikúrúdíráfà gígùn kan. Á fi ẹnu rẹ̀ kan irin, á fi ìdí rẹ̀ ti egungun iwájú etí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, ẹ̀rù bà mí, àfi bí ẹni pé ẹ́ńjìnì wà nínú orí mi. Mo gbọ́ àwọn injector tó ń wọ́n epo sínú ẹ́ńjìnì, tẹ́-tẹ́-tẹ́-tẹ́, mo sì ṣe bí ẹni rí àìsàn tuntun. Alájì ní bí wọ́n ṣe ń dún nìyẹn, pé èyí tí kò bá dún ni kí n wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ló ń jò, ọ́ọ̀sì lásán ló ń fi sétí, torí afẹ́fẹ́ kì í gba ara irin sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi agbádá tàbí ìpele dúró ti bẹ́líìtì tó ń yí. Mo ti rí ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá fìlà rẹ̀ lọ.

Mo rí oríṣiríṣi níbẹ̀. Mọ́tò kan wá tó ń ṣe tẹ́-tẹ́-tẹ́ láàárọ̀, tó máa ń dákẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Tápẹ́ẹ̀tì ni gbogbo wa pè é. Alájì fi tọ́ọ̀ṣì wo ibi tí sàléńsà ti so mọ́ ẹ́ńjìnì, ó rí èéfín dúdú tó ya lára irin. Gásíkẹ́ẹ̀tì, ohun pẹlẹbẹ tí wọ́n fi dí àárín irin méjì, ló ti jó. Tí irin bá tutù, àlàfo wà níbẹ̀, èéfín ń jáde. Tó bá gbóná, irin á wú, á di àlàfo náà pa. Ẹnìkan wá tí wọ́n ti gba owó ẹ́ńjìnì lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́ta nítorí ohùn kan tó ń ṣe wùùùù lórí eré. Alájì ní kó sáré dé 80, kó yọ jíà sí neutral. Ẹ́ńjìnì sọ̀ kalẹ̀, wùùùù ò sọ̀ kalẹ̀. Bẹ́rìn táyà ni. Ẹlòmíràn wá, ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀ ni tirẹ̀, kì í sì dún àfi tó bá tẹ iná dé ibì kan pàtó: páànù fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi bo sàléńsà ló tú, kílíìpù ọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló fi dè é. Bẹ́líìtì tó ń ké bí eku, omi díẹ̀ ló ń wọ́n sí i. Tó bá dákẹ́ fúngbà díẹ̀, bẹ́líìtì tàbí púlì tí kò dọ́gba ni. Tó bá tún ké sí i, ó dẹ̀ ni, ó ń yọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń bí Alájì nínú, òun ni ọ́ìlì tó ki. Ìwé Corolla mi ní 5W-30 ni kí n lò. Ṣùgbọ́n gbàrà tí ẹ́ńjìnì bá ti ń dún, ohun tí wọ́n máa ń sọ níbi gbogbo ni "ẹ da 20W-50 sí i." Ariwo á sì rọlẹ̀ lóòótọ́. Alájì ní ọ́ìlì tó ki kò wo ẹ́ńjìnì sàn, ọwọ́ ló fi bò ó lẹ́nu, àti pé láàárọ̀ kùtù, kó tó gun òkè dé ibi tápẹ́ẹ̀tì, irin ti ń ha irin. Òun kì í ra mọ́tò láìfi ìka fa ọ́ìlì rẹ̀ wò. Tó bá ki bí oyin, á béèrè pé kí ni wọ́n ń fi pamọ́.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀, tí mo sì ń ṣe àlàyé fún àwọn èèyàn níbi ìgbéyàwó, nígbà tí mo ba ẹ́ńjìnì ara mi jẹ́.

Ọdún 2023 ni. Wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní òpin oṣù karùn-ún, epo tí à ń rà lábẹ́ 200 náírà fò sókè kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í gé ohun tó lè gé. Èmi gé ọ́ìlì. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá ti rin kìlómítà 5,000, mo máa ń pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú fílítà tuntun. Mo sọ fún ara mi pé 10,000 ò le pa á. Ohun tí mi ò rò ni pé ẹ́ńjìnì tó ti dàgbà tó yẹn ń mu ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀, èmi ò sì fa géèjì ọ́ìlì wò fún oṣù mẹ́ta gbáko. Ọ́ìlì náà ò kàn gbó. Ó ń tán.

Nígbà tí ohùn kékeré kan bẹ̀rẹ̀, ìyàwó mi tún ni. "Dádì, ó ti tún bẹ̀rẹ̀ o." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní tẹ́ńṣánà ni, mo mọ̀ ọ́n, tòkunbọ̀ tí mo rà ti lo ìgbà tirẹ̀, màá lọ Àràròmí tó bá di òpin oṣù. Mi ò yọ bẹ́líìtì wò. Mi ò bi ara mi ní ìgbà tó ń dún. Mo yí rédíò sókè.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo ń bọ̀ láti òde ìgbéyàwó kan ní Èkó, èmi nìkan, dúpẹ́ fún ìyẹn. Nítòsí Ṣàgámù, ọkọ̀ tò, a ń rìn díẹ̀ a ń dúró. Iná pupa kan tàn lójú pátákó, èyí tó dà bí kẹ́tù-ọ́ìlì ìgbàanì, ó sì kú. Ó tún tàn, ó tún kú. Iná yẹn kì í sọ fúnni pé ọ́ìlì ti dínkù, ó ń sọ pé ipá ọ́ìlì ti lọ, pé pọ́ǹpù ti ń fa afẹ́fẹ́ mu. Ó yẹ kí n pa mọ́tò níbẹ̀. Ọ̀nà wá ṣí, mo tẹ iná, iná pupa náà kú pátápátá, mo ní Ọlọ́run ṣeun.

Mo kọjá Ògèrè díẹ̀ ni odó bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Gbì. Gbì. Gbì-gbì-gbì-gbì. Lẹ́sẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí Alájì ṣe sọ. Mo pa rédíò. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ọkọ̀ agbọ́kọ̀ ló gbé e dé Sángo lọ́jọ́ kejì. Alájì fa géèjì jáde, ó nù ún, ó tún kì í bọ̀ ọ́, ó tún fà á jáde. Ẹnu géèjì gbẹ. Alájì kò sọ̀rọ̀. Ó da lítà méjì sí i, ó ní kí ọmọṣẹ́ sítáàtì ní ráńpẹ́, òun sì ń yọ wáyà kọ́ìlì, èyí tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yọ ti àkọ́kọ́, gbì-gbì ò yí padà. Ó yọ ti ìkejì, ohùn náà rọ̀, ó di bí ẹni tó ń gún ẹ̀fọ́. Ó dá a padà, iyán tún bẹ̀rẹ̀. Tí o bá yọ kọ́ìlì, epo kò jó nínú sìlíńdà yẹn, kò sí ohun tó ń ti písítìn wálẹ̀ pẹ̀lú agbára, nítorí náà bẹ́rìn, irin fẹ́lẹ́ tó wà láàárín kọnẹ́kítín ròòdù àti crankshaft, èyí tó ti jẹ tán, á sinmi díẹ̀. Ó tọ́ka sí i: "Ìkejì nìyí." Wọ́n tú ìsàlẹ̀. Ọ́ìlì tó ṣẹ́kù níbẹ̀ ń dán yanranyanran, bí ìgbà tí wọ́n da gílítà òde ijó sínú rẹ̀. Bẹ́rìn ni.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í dún?" Ìbéèrè ọjọ́ àkọ́kọ́ náà ni.

"Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Alájì."

"Kí lo wá ṣe?"

Mo sọ fún un. Kò rẹ́rìn-ín.

Owó tí wọ́n pe ẹ́ńjìnì ní Àràròmí nígbà náà ti lé ní ìlọ́po méjì èyí tí mo ń sá fún ní 2021. Alájì tẹ̀ lé mi lọ. A kì í gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọjà, nítorí náà ojú àti ọwọ́ ló fi ń ṣe é. Ó ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí: nínú ti àkọ́kọ́, ìdọ̀tí dúdú ti dì bí àmàlà àná, a kọjá. Ti ìkejì mọ́, àwọ̀ tíì ni irin rẹ̀ ní. Ó yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tò wọ́n sórí bébà. Ó fi sípánà yí i lọ́wọ́, ó ń tẹ́tí. Ó ní òun fẹ́ tú ìsàlẹ̀ wò kí a tó sanwó. Ọlọ́jà ní irú oníbàárà wo lèyí. Alájì ní irú tó ní owó lọ́wọ́. Wọ́n tú u.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló yá mi lówó náà. Akápò bi mí pé mẹkáníìkì mélòó ló wò ó, mo ní ẹyọ kan, ó fọwọ́ sí i.

Ẹ́ńjìnì yìí ti ń lọ sí ọdún méjì. Àràárọ̀ Sátidé ni mò ń fa géèjì, ìyàwó mi á máa wò mí láti ojú fèrèsé. Tó bá dúró, ohun tí mò ń gbọ́ ò ju injector lọ, tẹ́-tẹ́-tẹ́-tẹ́. Rédíò ti bàjẹ́ láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Rewáyà ní iṣẹ́ kékeré ni, kí n gbé e wá. Mi ò tíì gbé e lọ.